Kí Ẹ Tó So Ẹ́ńjìnnì Iná Mọ́ Kẹ̀kẹ́ Kíká Yín

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí tí wọ́n bá fẹ́ sọ kẹ̀kẹ́ wọn di oníná ni pé: "Ẹ́ńjìnnì oníwáàtì mélòó ni kí n rà?" Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè bẹ́ẹ̀. Wáàtì ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sára páálí, òun náà sì ni olùtajà ń pariwo. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ tó ṣeé ká ni, èyí tí táyà rẹ̀ kéré, tí irin àárín rẹ̀ sì ní oríkèé, wáàtì ló yẹ kó gbẹ̀yìn nínú ohun tí ẹ máa rò. Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ sọ. Báwo ni fọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀, ìyẹn irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó di táyà iwájú mú, ṣe fẹ̀ tó? Irin ni àbí alumíníọ̀mù? Níbo ni bátìrì máa jókòó sí tí kò fi ní dí kíká lọ́wọ́? Wáyà wo ló máa gba orí oríkèé kọjá? Ẹni tó bá ti dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí kó tó náwó, iṣẹ́ ọ̀sán ọjọ́ kan ló kù fún un. Ẹni tí kò bá dáhùn wọn lè ra ojúlówó ẹrù tí kò ní wọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láé.

Mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ fún ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ iná rí, torí pé iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe nílé, mo sì fẹ́ràn kí àwọn èèyàn fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Ohun tó ń kó wọn sí wàhálà ni pé ohun tó rú wọn lójú kọ́ ni wọ́n máa ń béèrè.

Ohun tó wà nínú páálí

Àkójọ ohun èèlò náà, tí àwọn olùtajà ń pè ní kíìtì, kò ju nǹkan mélòó kan lọ. Ẹ́ńjìnnì ló ń gba ojú jù. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀, inú táyà ló ń gbé: ọpọ́n irin ribiti tó wà láàárín, tí sípóòkù fi so mọ́ rímù. Èrò yìí ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1895 ni ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ogden Bolton ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí kẹ̀kẹ́ tí ẹ́ńjìnnì iná wà láàárín táyà ẹ̀yìn rẹ̀, tí bátìrì sì wà lábẹ́ irin òkè. Ohun tó ya tiẹ̀ àti tiwa sọ́tọ̀ jù ni bátìrì, nítorí bátìrì lithium-ion tó fúyẹ́ kò dé ọjà títí di ọdún 1991, nígbà tí Sony kọ́kọ́ gbé e jáde.

Oríṣi méjì ni ẹ́ńjìnnì inú táyà. Ọ̀kan ní gíà nínú: inú rẹ̀ ń yí kíákíá, gíà ń dín in kù kó tó dé ara táyà. Tí ẹ bá pa iná rẹ̀, táyà máa ń yí lọ́fẹ̀ẹ́ bíi ti kẹ̀kẹ́ lásán. Èkejì kò ní gíà. Ó tóbi, ó wúwo, ó sì máa ń fa táyà sẹ́yìn díẹ̀ tí iná bá kú. Fún kẹ̀kẹ́ tí ẹ máa gbé lọ́wọ́ gun àtẹ̀gùn, èyí tó ní gíà ni kí ẹ mú. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Kọntiróólà ni àpótí kékeré tó ń darí gbogbo rẹ̀. Bátìrì ń fún un ní iná tó ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Òun ló ń pín in sí wáyà mẹ́ta tó nípọn tó lọ sínú ẹ́ńjìnnì, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, kí òòfà inú ẹ́ńjìnnì lè máa lé e yípo. Òun náà ló ń pinnu bí iná tó máa jáde ṣe máa pọ̀ tó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ ẹsẹ̀, ìyẹn àwo pẹlẹbẹ kan tó ní òòfà kéékèèké lára, tó ń bá pẹ́dàlì yí, àti ojú kan tó ń ka òòfà náà bó ṣe ń kọjá. Tí ẹsẹ̀ yín bá ti ń yí, ó máa sọ fún kọntiróólà pé kó jẹ́ kí iná wá. Àwọn kíìtì kan tún ní ọwọ́ tí a máa ń yí bíi ti alùpùpù. Ọwọ́ bíréèkì tó ń pa iná wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú kékeré tó ń fi eré àti iye iná tó kù hàn. Bátìrì ló kù. Mo máa padà sórí rẹ̀.

Ká wá sórí wáàtì tí gbogbo èèyàn ń béèrè. Ẹ lè rí 250 lára ẹ́ńjìnnì kan, kí ẹ rí 500 lára òmíràn, kí ẹ sì rò pé èkejì lágbára ní ìlọ́po méjì. Kò fi dandan rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì ń sọ iye iṣẹ́ tó lè ṣe fún àkókò gígùn láìgbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Iye tó ń lò gan-an nígbà tí ẹ bá ń gun òkè wà lọ́wọ́ bátìrì àti kọntiróólà: ẹ fi áńpíà lọ́po fólítì, ẹ máa rí i. Bátìrì fólítì 36 pẹ̀lú kọntiróólà tó ń jẹ́ kí áńpíà 15 kọjá, wáàtì 540 nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 250 ni wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì náà máa gbà á fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ ṣírò, ẹ fi í sọ́kàn báyìí: fólítì ló ń sọ bí táyà ṣe lè yára yí tó, áńpíà ló ń sọ bí ó ṣe lè tì yín tó.

Táyà kékeré ń yí gbogbo ìṣirò padà

Eré tí wọ́n kọ sínú ìpolówó ẹ́ńjìnnì, táyà ńlá ni wọ́n sábà máa ń fi wọ̀n ọ́n. Ká mú ẹ́ńjìnnì kan tó ń yí ní ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nínú táyà íńṣì 26, ìyípo kan máa gbé yín lọ ní nǹkan bíi mítà 2.07, nítorí náà ẹ máa sá tó kìlómítà 25 ní wákàtí kan. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì yẹn kan náà sínú táyà íńṣì 20: ìyípo kan kò ju bíi mítà 1.54 lọ, eré yín wá já sí bíi kìlómítà 18 àti ààbọ̀. Nínú táyà íńṣì 16, irú èyí tó wà lára kẹ̀kẹ́ kíká tí wọ́n ń pè ní Brompton, kò ní pé 16 rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan ṣe máa ra kíìtì, tó máa so ó dáadáa, tó sì máa pariwo pé wọ́n ta gbàrọgùdù fún òun. Ẹ́ńjìnnì náà kò ṣẹ̀. Ìyípo ló yẹ kó béèrè kó tó rà á.

Nítorí náà, dípò "wáàtì mélòó?", ẹ bi olùtajà pé: "Ìgbà mélòó ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú bátìrì tí mo máa lò?" Kí táyà íńṣì 20 tó lè gbé yín dé kìlómítà 25, ó gbọ́dọ̀ yí tó bíi ìgbà 270. Fún íńṣì 16, ó máa tó 317.

Ṣùgbọ́n ohun tí táyà kékeré gbà lọ́wọ́ yín ní eré, ó dá a padà ní agbára. Ẹ́ńjìnnì tó ń fi ipá kan náà yí máa ti kẹ̀kẹ́ onítáyà íńṣì 20 pẹ̀lú agbára tó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ju èyí tó máa fi ti táyà íńṣì 26 lọ. Ẹ tún wo èyí: ohun tó ń sun ẹ́ńjìnnì inú táyà jù ni kó máa rá lórí òkè, kí iná máa wọlé kó má rí ibi yí sí, kí gbogbo rẹ̀ di ooru. Táyà kékeré kì í jẹ́ kó rá bẹ́ẹ̀, torí pé ó ń yí ju ti táyà ńlá lọ ní eré kan náà. Àwọn èèyàn máa ń fojú kéré kẹ̀kẹ́ kíká nítorí táyà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ọ̀rọ̀ iná yìí, táyà kékeré yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa táyà tí ó máa ń ru èèyàn lójú. Íńṣì 20 kò jẹ́ ọ̀kan. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín, ẹ máa rí nọ́ńbà méjì tí wọ́n fi ìlà kékeré so pọ̀, bíi 47-406. Èyí tó kẹ́yìn ni ìwọ̀n rímù ní mìlímítà, òun ni kí ẹ gbà gbọ́. Íńṣì 20 kan wà tó jẹ́ 406, òmíràn wà tó jẹ́ 451. Íńṣì 16 kan jẹ́ 305, òmíràn jẹ́ 349. Nígbà tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì máa ń wá pẹ̀lú rímù tí wọ́n ti hun sípóòkù sí, tí ẹ bá ra 451 sórí kẹ̀kẹ́ 406, rọ́bà bíréèkì yín kò ní bá rímù mọ́.

Fọ́ọ̀kì ni kí ẹ fi téèpù wọ̀n

Lára gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, tí ẹ bá máa gbàgbé ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí. Ẹ tú táyà iwájú kúrò, kí ẹ wọn àyè tó wà láàárín ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì méjèèjì níbi tí irin àárín táyà, ìyẹn ásù, ń jókòó sí. Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ńlá, mìlímítà 100 ni. Lára Brompton àti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ Dahon, 74 ni. Ẹ́ńjìnnì tó fẹ̀ tó 100 kò lè wọ inú 74, kò sì sí ọgbọ́n tí ẹ lè dá sí i. Mo ti gbọ́ ẹni tó ní kí wọ́n fi ipá ya fọ́ọ̀kì náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Fọ́ọ̀kì ló gbé ẹ̀mí yín dúró, irin tí wọ́n bá sì ti fi ipá ya kì í sọ fúnni ọjọ́ tó máa kán. Àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún 74 wà. Òun ni kí ẹ wá rà.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe fọ́ọ̀kì. Òòfà ni ọ̀rẹ́ yín níbí: tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Irin máa ń kọ́kọ́ wọ́ kó tó kán, alumíníọ̀mù lè kán lójijì láìkilọ̀. Fọ́ọ̀kì kábọ́ọ̀nù ní tiẹ̀, ẹ má tilẹ̀ dán an wò.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀? Nítorí nínú kẹ̀kẹ́ lásán, ásù kan kàn jókòó sí ẹnu fọ́ọ̀kì ni, kò ń yí, kò sì sí ohun tó ń fipá yí i. Ní ti ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Bí táyà ṣe ń yí síwájú ni ásù ń fẹ́ yí sẹ́yìn ní ipá kan náà, ẹnu fọ́ọ̀kì nìkan ló sì ń dá a dúró. Wọ́n máa ń ge ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ásù náà pẹrẹsẹ, ó máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 10, kó lè wọ ẹnu fọ́ọ̀kì kó má yí. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń fi ipá newton-mítà 30 yí (newton-mítà ni wọ́n fi ń wọn ipá tó ń yí nǹkan), tí ipá náà sì já sórí ibi tí kò fẹ̀ ju mìlímítà 10 lọ, àpapọ̀ ohun tó ń ti etí ẹnu fọ́ọ̀kì lè sún mọ́ ìwọ̀n ẹrù 300 kílò. Ẹnu fọ́ọ̀kì kan tí wọ́n ṣe fún kẹ̀kẹ́ lásán kò mọ nǹkan kan nípa irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Tó bá fi lè yà, ásù máa yí, ó máa já wáyà tó wà nínú rẹ̀, táyà sì lè bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ yín.

Ohun tó ń yanjú rẹ̀ kò tóbi rárá. Pẹlẹbẹ irin kan ni, tó ní ihò tó bá ara ásù mu gẹ́lẹ́, tó sì ní ìrù gígùn tí a máa ń dè mọ́ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì. Àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní torque arm. Èmi máa ń pè é ní apá ìdènà. Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́: tí ìrù rẹ̀ bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹrù 300 kílò yẹn di 30 péré níbi tí a dè é sí. Ẹ lo ọ̀kan, tó bá sì jẹ́ alumíníọ̀mù ni fọ́ọ̀kì yín, méjì ni kí ẹ lò, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá sí nínú páálí, ẹ lọ rà á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ásù bá sì nípọn díẹ̀ ju ẹnu fọ́ọ̀kì lọ, ẹ lè fi fáìlì họ díẹ̀ kúrò lára fọ́ọ̀kì irin. Díẹ̀ ni mo wí. Kó wọlé pinpin, kó má rìn.

Iwájú, ẹ̀yìn, tàbí àárín

Ẹ́ńjìnnì iwájú ló rọrùn jù láti so: ẹ yọ táyà kan, ẹ fi òmíràn rọ́pò. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwúwo èèyàn máa ń wà lẹ́yìn, táyà iwájú wá lè máa yọ̀ lórí yanrìn tàbí ilẹ̀ tútù nígbà tí ẹ bá ń gun òkè. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ń dì mọ́lẹ̀ dáadáa, irin ẹ̀yìn sì sábà máa ń le ju fọ́ọ̀kì lọ, ṣùgbọ́n gíà àti ṣéènì máa ń dí i lọ́wọ́, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kíká ẹlòmíràn sì há jù fún un. Ẹ́ńjìnnì àárín, tó ń gbé níbi pẹ́dàlì, dára gan-an lórí òkè torí pé ó ń lo gíà kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Àmọ́ ibi tó ń so rọ̀ sí lábẹ́ kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ kíká ń ṣẹ́ po sí, tàbí ibi tí wọ́n ń fìdí lélẹ̀ sí. Ẹ ká kẹ̀kẹ́ yín kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó rò ó. Fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì iwájú kékeré lórí fọ́ọ̀kì irin ni mo máa ń gbà nímọ̀ràn.

Bátìrì

Iye tó ń sọ bí bátìrì ṣe tóbi tó kì í ṣe fólítì nìkan, kì í sì í ṣe áńpíà-wákàtí nìkan. Ẹ fi ọ̀kan lọ́po èkejì. Fólítì 36 pẹ̀lú áńpíà-wákàtí 10 jẹ́ wáàtì-wákàtí 360. Kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ ń bá ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 8 sí 12 lórí kìlómítà kan, nítorí náà bátìrì yẹn máa gbé yín lọ ní kìlómítà 30 sí 45. Tí ẹ bá káwọ́ ẹsẹ̀, tí ẹ ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dá ṣe é, ẹ má retí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò ju kìlómítà 10 lọ lójúmọ́ kò nílò bátìrì ńlá. Nínú kẹ̀kẹ́ kíká, kílò kan tí ẹ fi kún bátìrì, apá yín ni ẹ fi kún un fún. Ẹ́ńjìnnì, bátìrì àti ìyókù lè fi bíi kílò 5 kún kẹ̀kẹ́ tó jẹ́ kílò 12 tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé kílò 17 gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa mọ ohun tí mò ń sọ.

Inú bátìrì náà, bátìrì kéékèèké ni wọ́n tò jọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ bíi fólítì 3.6, ó sì ń kún ní 4.2. Mẹ́wàá tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ló ń di 36. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa rí 42 lára ṣájà bátìrì 36, kí ẹ má bẹ̀rù: mẹ́wàá lọ́nà 4.2 ni. Ti bátìrì 48, mẹ́tàlá ni wọ́n tò, ṣájà rẹ̀ sì jẹ́ 54.6. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni kí ẹ fi ṣájà 54.6 kan bátìrì 36, torí ihò ṣájà méjèèjì lè bá ara wọn mu láìjẹ́ pé iná wọn bára mu. Pátákó kékeré kan wà nínú bátìrì, tí wọ́n ń pè ní BMS, tó ń ṣọ́ àwọn kéékèèké yẹn: kì í jẹ́ kí wọ́n kún jù, kì í jẹ́ kí wọ́n gbẹ tán, ó sì máa ń pa iná tí áńpíà bá pọ̀ jù. Òun nìkan ló wà láàárín àṣìṣe yín àti iná ọ̀ràn. Ẹ má fi í ṣe ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀ṣọ́ ìkẹyìn ni. Ẹ kọ orúkọ bátìrì sára ṣájà rẹ̀ gàdàgbà tí ẹ bá ní ju ọ̀kan lọ nílé.

Ẹ tún rí i dájú pé áńpíà tí bátìrì lè fúnni láìdúró kò kéré sí èyí tí kọntiróólà máa béèrè. Bátìrì áńpíà 15 pẹ̀lú kọntiróólà 20 máa ń kú lójijì lórí òkè, ẹni tó ni ín á sì máa wá àṣìṣe kiri inú wáyà.

Ẹ má fi ọwọ́ ara yín to bátìrì. Mo ní kí ẹ ṣe gbogbo ìyókù nílé, ṣùgbọ́n èyí kò sí lára rẹ̀. Kéékèèké tí wọ́n tú nínú kọ̀ǹpútà àlòkù kì í jẹ́ ọgbọọgba, èyí tó bá rẹ̀ jù lára wọn ló ń gbóná, tí ọ̀kan bá sì gbaná, ooru rẹ̀ á ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iná bátìrì lithium lè kú kó tún sọ. Nítorí náà, ẹ ra bátìrì tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ ìlànà ààbò sí. Ẹ má fi sí iná kí ẹ lọ sùn, ẹ má sì fi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹnu ọ̀nà tí ẹ máa gbà sá jáde tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Tó bá ti já bọ́ tó sì fọ́, tó wú, tàbí tó ń rùn, ẹ má kàn án mọ́. Kẹ̀kẹ́ kíká máa ń ṣubú ju kẹ̀kẹ́ mìíràn lọ, torí pé a máa ń fi í ti ògiri, a máa ń gbé e sínú ọkọ̀. Níbi tí otútù ti mú tó bẹ́ẹ̀ tí omi ń dì, ẹ gbé bátìrì wọlé kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó kàn án. Tí ẹ kò bá sì ní lò ó fún oṣù mélòó kan, ẹ fi í sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì, kó má kún, kó má gbẹ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ra kẹ̀kẹ́ kíká ló ní i lọ́kàn láti gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ mọ̀ pé ìlànà ọkọ̀ èrò gba bátìrì tí kò ju wáàtì-wákàtí 100 lọ. Láti 100 sí 160, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò ní gbà á, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ ì báà jẹ́ nínú ẹrù. Bátìrì 360 kò ní bá yín fò.

Oríkèé àti wáyà

Gbogbo wáyà tó bá gba orí oríkèé kọjá, ìgbàkigbà tí ẹ bá ká kẹ̀kẹ́ ló ń wọ́, ìgbàkigbà tí ẹ bá tú u ló ń sún. Mo ti fi ojú ara mi rí èyí tí oríkèé gé mọ́nú: ẹni tó so ó fà á le nígbà tí kẹ̀kẹ́ wà ní títú, ó rẹwà lójú, ìgbà kejì tó ká a ni iná kú.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí wáyà tó nípọn má kọjá níbẹ̀ rárá. Tí ẹ́ńjìnnì bá wà níwájú, ẹ jẹ́ kí bátìrì àti kọntiróólà wà níwájú pẹ̀lú, nínú báàgì tó so mọ́ ọrùn kẹ̀kẹ́. Ìgbà yẹn, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ ẹsẹ̀ nìkan ló máa gba oríkèé. Báàgì náà sì ṣeé yọ, ẹ lè gbé bátìrì lọ́wọ́ kan, kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ kejì, ìwúwo á pín. Tí bátìrì bá wà lẹ́yìn irin ìjókòó, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjókòó ṣì lè wọlẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ ká kẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í lè wọlẹ̀ mọ́.

Ẹ ká kẹ̀kẹ́ pátápátá kí ẹ tó fi okùn de wáyà kankan. Ẹ tú u, ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì dópin. Ibi tí wáyà bá ti gùn jù lọ nínú gbogbo ìrìn yẹn ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Níbi ásù, ẹ jẹ́ kí wáyà wálẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè, kí omi òjò lè kán dànù níbẹ̀ dípò kó ṣàn wọ inú ẹ́ńjìnnì.

Ní ti síso, ẹ gbé bátìrì sẹ́yìn gbogbo rẹ̀: òun ló máa ń wọlé kẹ́yìn. Ẹ so ẹ́ńjìnnì, apá ìdènà, sẹ́ńsọ̀, bíréèkì, ẹ yẹ àwọn ẹnu wáyà wò pé ọfà tó wà lára wọn dojú kọra, ẹ má fi ipá tì wọ́n. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí ẹ tó wá ki bátìrì bọ̀ ọ́. Ó lè ta yẹ́ẹ́ nígbà tó bá kọ́kọ́ fara kan. Iná tó ń sáré wọ kọntiróólà ni, kò burú. Tí ẹ bá yí pẹ́dàlì tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ẹ má tíì bínú sí ẹ́ńjìnnì. Àwo òòfà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Wọ́n lè ti dojú rẹ̀ kodò, tàbí kó jìnnà sí ojú tó ń kà á. Ìgbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tí wọ́n pè mí sí irú rẹ̀, ibẹ̀ náà ni.

Bíréèkì tó ń pa iná kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìyípo máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ti dúró, ẹ́ńjìnnì sì lè máa tì yín lọ ní ìwọ̀nba àkókò yẹn. Ẹ so ó. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì àtijọ́ pẹ̀lú, torí kẹ̀kẹ́ náà ti wúwo sí i, ó sì ti ń sáré sí i.

Òfin kò dọ́gba. Ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, kẹ̀kẹ́ oníná tí wọ́n kà sí kẹ̀kẹ́ lásán kò gbọdọ̀ ju wáàtì 250 lọ, ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa pe ẹ́ńjìnnì, kó sì dákẹ́ tí eré bá dé kìlómítà 25. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ọ́, ẹni tí kò tíì pé ọdún 14 kò sì gbọdọ̀ gùn ún. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2002 gbà kó wà lábẹ́ wáàtì 750 àti máìlì 20 ní wákàtí, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀ lórí ojú pópó. Nọ́ńbà tó wà nínú òfin ibi tí ẹ ń gbé ni kí ẹ fi ra ẹ́ńjìnnì, ọ̀pọ̀ ojú kékeré tó wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sì láyè tí a fi ń fi òté lé eré.

Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, ẹ mú sípánà padà. Nọ́ọ̀tì ásù máa ń jókòó sí i lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti tì í fún ìgbà díẹ̀, ó sì máa ń fẹ́ ìdè díẹ̀. Ẹ wo ìdè oríkèé náà, torí pé ẹrù rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Sípóòkù táyà kékeré kúrú gan-an nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gba àárín, ó sì máa ń tú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ju ìgbà mìíràn lọ. Ẹ máa fi èékánná ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ta okùn gìtá: èyí tí ohùn rẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju ti àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, òun ló ti ń tú.